Irun gígùn létíkun: ká dì í ni, àbí ká tú u sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì láti Ìbàdàn ló béèrè:

"Ẹ̀yin àǹtí, a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí etíkun Eléko lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Irun àwọn ọmọ mi méjèèjì ti dé àárín ẹ̀yìn, mi ò sì fi rílásà kàn án rí. Ìyá ọkọ mi ní kí n dì í mọ́lẹ̀ pátá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tú u sílẹ̀, pé omi iyọ̀ máa ń mú irun dàgbà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù dé e. Àwọn ọmọ fúnra wọn ń sunkún pé àwọn fẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ irun àwọn. Lọ́dún tó kọjá tá a lọ, irun tó bá òòyà wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn kún ọwọ́ mi. Èwo ni kí n ṣe?"

*

Ẹ dì í. Nínú àwọn mẹ́ta tó gbà yín nímọ̀ràn, ìyá ọkọ yín ló sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti gbé ẹ̀gbẹ́ òkun rí. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn ló gbà mí lọ́kàn jù: ẹ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni irun bá òòyà wá. Kì í ṣe inú omi. Ẹ ti délé, irun ti gbẹ lójú ọ̀nà, iyọ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ẹ wá ki òòyà bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni irun ti já. Tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ níbí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Lítà omi òkun kan ń gbé iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Omi á gbẹ, iyọ̀ ò ní bá a lọ. Ara fọ́nrán irun sì dà bí ara ẹja, ìpẹ́ ló tò léra láti ìdí dé ṣóńṣó. Tómi bá wọ̀ ọ́, irun á wú, àwọn ìpẹ́ náà á gbéra sókè díẹ̀. Tó bá wá gbẹ tòun ti iyọ̀, ara ẹ̀ á le gbagidi, fọ́nrán kan á máa há mọ́ èkejì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti òkun dé, ẹ fi ìka méjì fa fọ́nrán kan ṣoṣo láti ṣóńṣó wá sí ìdí, ẹ máa rí bó ṣe ń ha yín lọ́wọ́. Irun tiwa tó lọ́ bíi sípíríǹgì tún ní ibi tó pọ̀ tó ti lè há. Ẹ wá fi òòyà fa ẹgbẹ̀rún irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí lẹ rò pé ó máa ṣe?

Ẹ ro ọjọ́ orí irun náà pẹ̀lú. Irun ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Irun tó bá dé àárín ẹ̀yìn ọmọdé, ṣóńṣó ẹ̀ ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ó ti rí ọyẹ́ mẹ́ta, ó ti fara ha ìrọ̀rí lóru tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ṣóńṣó yẹn ló yẹ ká máa tọ́jú, òun la sì máa ń gbàgbé, torí pé awọ orí ni gbogbo wa ń kun epo sí.

*

Àwọn tó ń kọ̀wé sábẹ́ ìdáhùn mi ti ń fèsì pé mò ń gbèjà òkun bí mo ṣe ní kì í ṣe inú omi ni irun ti já. Rárá o. Orímẹdú ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹja ni ìyá mi ń yan. Mi ò rí obìnrin kan tó ń yan ẹja níbẹ̀ kó tú irun sílẹ̀ lójú iṣẹ́. Kíkó ni wọ́n ń kó o, wọ́n á fi aṣọ wé e lé e lórí, ó di ìparí ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó tú u.

Ìyá mi kì í jẹ́ kí n sá wọ òkun láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ da igbá omi kànga kan sí mi lórí. Inú máa ń bí mi. Ṣebí inú omi náà ni mò ń lọ, kí ni ti igbá omi? Mo dàgbà tán kí n tó mọ ohun tó ń ṣe. Irun dà bíi kànrìnkànrìn. Tó bá ti mu omi tí kò níyọ̀ yó, ìwọ̀nba ni omi iyọ̀ tó tún máa ráyè wọ̀ ọ́. Kò ní kó má wọ̀ ọ́ rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Epo ló tẹ̀ lé omi, ibí yìí sì ni ìjà máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní òrí nìkan, àwọn kan ní Vaseline. Mo fẹ́ràn òrí, òun ni mò ń fi pa irun àwọn ọmọ mi lákòókò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òrí kún irun lọ sórí iyanrìn! Ó nípọn, ẹ̀yìn irun ló ń jókòó sí, gbogbo iyanrìn tí atẹ́gùn bá gbé ló máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fọ orí àbúrò mi lọ́jọ́ kan tó kun òrí lọ sí Ìlàṣẹ, iyanrìn ṣì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìka mi. Vaseline burú ju ìyẹn lọ.

Epo àgbọn ni mo fọwọ́ sí. Ó fúyẹ́, ó sì ń wọnú fọ́nrán irun lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2003, wọ́n fi í wé òróró sunflower àti mineral oil, òun nìkan ló dín púrótéènì tí irun ń pàdánù kù dáadáa. Ṣíbí ìjẹun méjì ti tó fún orí ọmọ kan, kí èyí tó pọ̀ jù lọ sí ṣóńṣó. Omi ni kó kọ́kọ́ kan irun o, kí epo tó tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ti epo bẹ̀rẹ̀, ó lè dí omi lọ́nà.

*

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Mo mọ̀ pé inú rere lẹni náà fi sọ ọ́. Àmọ́ ìgbì Eléko kì í ṣe omi jẹ́ẹ́ tó wà nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa lù ú, omi á gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, ọ̀rá á di àpò omi iyọ̀ lórí ọmọ. Tó bá wá yọ́ wá síwájú tó bo imú àti ẹnu ńkọ́? Ẹ má dán an wò.

Irun títú náà ní ewu tó jọ ìyẹn, ohun tó sì jẹ́ kí n tètè sọ pé kẹ́ ẹ dì í nìyí. Bí ìgbì bá da irun gígùn bo ojú ọmọ, ojú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ nù, á sì jọ̀wọ́ ọwọ́ yín tó dì mú. Omi tó ń padà sẹ́yìn létíkun wa lágbára, àgbàlagbà pàápàá ló ń fà lọ. Ibi tómi dé ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ọmọ mọ, kí àgbà kan sì di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé irun là ń sọ, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ nípa ìyẹn.

Ẹni tó béèrè nípa fìlà ìlúwẹ̀ẹ́: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà kò gba irun wa, irun pẹlẹbẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ohun tó mú kí Toks Ahmed-Salawudeen àti Michael Chapman dá Soul Cap sílẹ̀ nìyẹn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017, fìlà tó láyè fún irun dídì, irun tó kún àti Dàda. Ní 2021, FINA tó ń bójú tó ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé (World Aquatics ni wọ́n ń pè é báyìí) kọ̀ ọ́ fún Òlíńpíìkì Tokyo, wọ́n ní kò bá ìrísí orí mu. Orí ta ni? Ọdún yẹn kan náà ni Alice Dearing, tòun alára ń lo fìlà náà, di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Bìrìtìkó ní Òlíńpíìkì. Ó di oṣù kẹsàn-án 2022 kí FINA tó gbà á láyè. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mo mọ iye ọmọbìnrin tí kò kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ rárá nítorí irun.

Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó gba orí àwọn ọmọ yín, ẹ rà á. Omi ṣì máa wọlé, irun ṣì máa tutù. Àǹfààní ẹ̀ ni pé ó ń kó irun pọ̀ sójú kan, iyanrìn kì í sì í ráyè.

*

"Omi òkun máa ń mú irun dàgbà, ó sì ń wo làpálàpá orí."

Ẹni mẹ́rin ló ti kọ irú èyí. Kò mú irun dàgbà. Lábẹ́ awọ orí ni irun ti ń hù, omi tó kan ẹ̀yìn ẹ̀ kò lè sún un síwájú. Ohun tó ń tan èèyàn ni pé irun tó gbẹ pẹ̀lú iyọ̀ máa ń le, á kún, á dà bíi pé ó pọ̀ sí i. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ wò ó.

Ti làpálàpá ló léwu jù. Inú irun gan-an ni kòkòrò ẹ̀ ń wọ̀ lórí ọmọdé, oògùn tí wọ́n ń gbé mì ló ń wò ó, dókítà ló sì máa kọ ọ́. Ọmọ tó bá ní in, ẹ má fi òòyà ẹ̀ ya irun ọmọ mìíràn létíkun, ẹ má sì pààrọ̀ fìlà. Mo rí i lọ́dọọdún: òòyà kan ṣoṣo, ọmọ mẹ́fà.

*

Irun wo gan-an ni ká dì?

Àwọn tó ní ká di ṣùkú, mo gbọ́ yín, ó ń gbé irun kúrò lọ́rùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ṣóńṣó ló ń kó jọ sí àárín orí, níbi tí oòrùn ti ń pa á tààrà. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ń kó o wá síwájú orí, omi á sì máa ti ibẹ̀ ro sójú. Tèmi ni kọ̀lẹ́sẹ̀ ńláńlá, mẹ́rin sí mẹ́fà, tí kò le, kẹ́ ẹ wá fi ìyókù di ọ̀já irun méjì tó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó sínú, kẹ́ ẹ fi òwú so ó. Ìyá Ìbejì, ọ̀já méjì yẹn ni ti ẹkún àwọn ọmọ yín. Atẹ́gùn á máa gbé e, á máa jó lẹ́yìn wọn bí wọ́n bá ń sáré, kò sì ní takókó.

Àǹtí tó kọ̀wé láti Bàdágìrì ní kíkó ló ju dídì lọ, torí òwú ń wé irun láti ìdí dé ṣóńṣó. Òótọ́ ni, mo sì ti sọ pé bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wa ń ṣe. Òwú rọ́bà ni kẹ́ ẹ lò tó bá jẹ́ tòkun. Òwú lásán ń mu omi iyọ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ.

Ti àtáṣímẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ dírun lọ́jọ́ Jímọ̀, a lọ sétíkun lọ́jọ́ Sátidé. Onídìrí yẹn ti fà á débi pé ìpéǹpéjú ọmọ gbé sókè, àwọn kókó wínníwínní ti yọ létí irun iwájú. Bí ìgbì àkọ́kọ́ ṣe kan orí ẹ̀ ló figbe ta. Iyọ̀ ti wọ ojú àwọn kókó yẹn. Nígbà tó jáde, irun náà ti mu omi, ó wúwo, ọmọ ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lẹ́yìn bí ẹni ru ẹrù. Ìrora náà kò jẹ́ kó sùn lóru. Etí irun iwájú ẹ̀ ṣí, ó gbà tó ọdún kan kó tó padà hù, inú wa sì dùn pé ó hù, torí etí irun tí wọ́n bá ń fà bẹ́ẹ̀ léraléra lè má hù mọ́ láé. Irun tí kókó bá ti yọ nídìí ẹ̀, ẹ tú u kẹ́ ẹ tó jáde nílé, iye yòówù kẹ́ ẹ san.

Oòrùn pẹ̀lú: ojú ìlà irun dídì jẹ́ awọ tí kì í rí oòrùn, ó sì máa ń jóná, dúdú tí ara wa dú kò ní kó má jó. Ẹ wé ìborùn tàbí kẹ́ ẹ dé fìlà etí gbòòrò fún wọn tí wọ́n bá ti jáde nínú omi. Bí ọmọ bá jẹ́ àfín, a ò gbọ́dọ̀ rí ojú ìlà yẹn níta rárá láàárọ̀ dalẹ́.

*

Bàbá kan béèrè bóyá ọmọ òun tó jẹ́ Dàda lè wọ òkun.

Nílé kan, wọn kì í fi òòyà kan Dàda, wọn kì í gé e láìṣe ètùtù, owó ẹyọ ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Ti inú ilé yín nìyẹn, bàbá, ẹ bi àwọn àgbà yín kẹ́ ẹ tó gbéra. Ti irun fúnra ẹ̀ ni mo lè sọ. Omi iyọ̀ kò ní tú Dàda, òòyà kò sì sí níbẹ̀ tó máa já a. Ìṣòro tiẹ̀ ni iyanrìn àti ọ̀rinrin. Iyanrìn tó bá wọ àárín Dàda lè gbé ibẹ̀ fún oṣù. Ẹ fi aṣọ wé e kí ọmọ tó jókòó nílẹ̀. Lẹ́yìn òkun, ẹ da omi tí kò níyọ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ má ṣe bó o. Kó gbẹ tán pátá kó tó sùn. Tẹ́ ẹ bá wé e ní tútù, á bu, òórùn yẹn kì í sì í tètè lọ.

*

Rílásà: ó kéré tán, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín rílásà àti òkun. Ohun tó so inú irun pọ̀ ni rílásà ń já kó tó lè nà, irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ti rẹ̀. Tó bá tún ti jó awọ orí níbì kan, iyọ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Wíìgì, ẹ fi í sílé.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìrọ̀lẹ́, torí ibẹ̀ ni irun ti ń já.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ omi etíkun. Ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ agbègbè yẹn ló níyọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10 láti ilé. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, píọ̀ wọ́tà wà níbi gbogbo: mẹ́fà jẹ́ lítà mẹ́ta, ó sì tó fún orí kan. Ẹ fi eyín gé igun ẹ̀ díẹ̀, kí omi máa yọ tín-ín-rín, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ lé ojú ìlà irun kọ̀ọ̀kan láti iwájú lọ sẹ́yìn, títí ohun tó ń ro sílẹ̀ kò fi ní níyọ̀ mọ́ tẹ́ ẹ bá fi ahọ́n kàn án.

Bí iyanrìn bá pọ̀ lórí, ibi táwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n ń da omi lé e lójú ẹsẹ̀. Iyanrìn tútù ń lẹ̀, gbígbẹ ló ń já bọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kí ọmọ tẹrí ba, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ máa gbá irun náà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí omi tó kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ògbólógbòó síńgílẹ́ẹ̀tì tẹ omi kúrò, má fi tówẹ̀lì ha á. Ẹ fi kọndíṣọ́nà díẹ̀ tàbí epo àgbọn ra ṣóńṣó, kẹ́ ẹ máa lọ sílé ní dídì bẹ́ẹ̀. Kò sí òòyà nínú mọ́tò. Kò sí òòyà lálẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fọ̀ ọ́ tòun ti dídì, kẹ́ ẹ tú u lọ́kọ̀ọ̀kan ní tútù pẹ̀lú kọndíṣọ́nà, ìka ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, òòyà eléyín fífẹ̀ tẹ̀ lé e, láti ṣóńṣó wá sókè.

*

Ìyá Ìbejì padà wá lálẹ́ ọjọ́ Ajé:

"Ẹ ṣé, àǹtí. Ti Táíwò dára, ó ṣì wà ní dídì. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé tú tiẹ̀ lẹ́yìn mi, ó sì wọ omi. Ó ti takókó nípàkọ́, ó tó ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti mú sísọ́ọ̀sì. Ó ń sunkún."

Ẹ gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn. Mo ti tú èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ lórí ọmọ tèmi, wákàtí méjì ló gbà mí, fọ́nrán tó bọ́ kò tó ogún.

Ẹ da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i títí iyọ̀ fi tán, ẹ má bó o. Ẹ fi epo àgbọn kún kókó náà títí ó fi máa yọ̀, kẹ́ ẹ da kọndíṣọ́nà lé e, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí Kẹ́hìndé jẹun láàárín ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orí ẹ̀ lé itan yín. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìdí irun mú kó má baà dùn ún. Ẹ wá ṣóńṣó kan tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó, ẹ fà á jáde, ẹ wá òmíràn. Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti máa jẹ ẹ́ wọlé, ẹ má ki ìka bọ àárín. Èyí tó bá ti tú, ẹ dì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má padà lọ.

Bó bá di aago mẹ́wàá tí kò tíì tán, ẹ kun epo sí ìyókù, ẹ fi ìborùn sílíkì wé e, kó lọ sùn. Ẹ máa bá a lọ láàárọ̀. Kókó náà kò ní le sí i mọ́ tí iyọ̀ bá ti kúrò nínú ẹ̀.